Aṣọ Ńlá Massimo

Yorùbá ní aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Ọmọdé gan-an mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ń lọ, kò yẹ kó gba àlàyé. Ohun tó ń bíni nínú ni pé láti ọdún 2020 títí di òní, àwọn tó mọ òwe yìí dáadáa ṣì ń gé àwòrán Massimo Torricelli sórí TikTok, wọ́n ń fi orin ìfẹ́ sí i lábẹ́, wọ́n ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé irú ọkọ tí àwọn ń bẹ Ọlọ́run fún nìyí. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ní kó wá jí àwọn gbé.

Ta ni Massimo? Ọ̀gá máfíà ni, nínú fíìmù Pólàǹdì tí wọ́n pè ní 365 Dni, èyí tí Barbara Białowąs àti Tomasz Mandes darí, tí Netflix sì gbé jáde fún gbogbo ayé ní oṣù Kẹfà ọdún 2020. Ó rí obìnrin kan, Laura, ní etíkun lọ́jọ́ tí wọ́n yìnbọn pa bàbá Massimo, ojú obìnrin náà kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, Laura wá sí Sísílì láti ṣe ọjọ́ ìbí. Massimo ní kí wọ́n fún un lóògùn oorun, wọ́n gbé e wá sí ilé rẹ̀, ó wá sọ fún un pé ọjọ́ 365 ló ní láti fi nífẹ̀ẹ́ òun. Ó ṣèlérí pé òun ò ní fọwọ́ kàn án láìgba àṣẹ. Ibi tó ti ń ṣèlérí náà ni ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára Laura. Ká tó wí, ká tó fọ̀, ìfẹ́ rẹ̀ ti ń pa Laura bí ọtí.

Kí ló mú kí èyí jọ ìfẹ́ lójú èèyàn? Súùtù tó bá a lára mu ni, ọkọ̀ ojú omi, bàálù, ilé ńlá, àti àyà Michele Morrone, òṣèré tó ṣe Massimo, tí kámẹ́rà kò fẹ́ gbójú kúrò níbẹ̀. Ẹ bọ́ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹ fi ọkùnrin kan tí kò ní kọ́bọ̀, tó wọ bùbá gbígbó, sínú ìtàn kan náà, kó fi oògùn kun ọmọ ọlọ́mọ lóorun, kó tì í mọ́lé. Àwọn tó ń forin ìfẹ́ sí i yìí ló máa kọ́kọ́ pe ọlọ́pàá.

Àwọn kan ní fíìmù lásán ni, àti pé obìnrin, Blanka Lipińska, ló kọ ìwé tí wọ́n ti mú un jáde. Ó dáa. Obìnrin náà ni Duffy, olórin ilẹ̀ Wales tó kọ orin Mercy. Ní ọdún 2020 yẹn kan náà ló jẹ́ kí ayé mọ̀ pé ọjọ́ ìbí òun ni wọ́n fún òun lóògùn nílé oúnjẹ, tí wọ́n gbé òun lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, tí wọ́n sì fipá bá òun lò pọ̀. Ọjọ́ ìbí, oògùn, ìjínigbé: ohun tó bá Duffy ni wọ́n fi ṣe fàájì fún Laura. Ní oṣù Keje ó kọ lẹ́tà sí Reed Hastings, ọ̀gá Netflix nígbà náà, pé fíìmù náà ń ṣe ìjínigbé àti ìfipábánilòpọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Netflix kò yọ fíìmù náà kúrò. Ní ọdún 2022, apá kejì àti apá kẹta jáde.

Bí a bá ń gé igi nígbó, ká fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Òwe yìí ló bá ọ̀rọ̀ náà mu ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí Massimo kò sí láyé, a ò lè mú un. Àwa tó ń wòran ni ẹjọ́ kàn. A ti ń jókòó sípò ẹni tó ń gégi ju bó ṣe yẹ lọ, a ò béèrè bó ṣe ń rí lára igi.

Sísílì kúkú mọ bó ṣe ń rí. Ní ìlú Alcamo, ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1965, Filippo Melodia kó àwọn ọmọkùnrin tó dìhámọ́ra lọ sí ilé Franca Viola, ọmọ ọdún 17. Àfẹ́sọ́nà ni wọ́n tẹ́lẹ̀; bàbá Franca ló tú u ká nígbà tó rí irú ẹni tí Melodia, ìbátan àwọn máfíà, jẹ́. Wọ́n lu ìyá, wọ́n wọ́ ọmọ lọ, pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ tó dì mọ́ ọn tí kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Wọ́n dá àbúrò padà. Franca lo ọjọ́ mẹ́jọ lọ́wọ́ wọn, Melodia sì fipá bá a lò pọ̀.

Òfin Ítálì nígbà náà, ẹsẹ 544, sọ pé bí ẹni tó fipá bá obìnrin lò pọ̀ bá fi í ṣaya, ẹjọ́ ti tán. Gbogbo ìlú ń retí kí Franca gbà. Ó kọ̀. Bernardo, bàbá rẹ̀, tó jẹ́ àgbẹ̀, dúró tì í. Wọ́n dáná sun ọgbà àjàrà rẹ̀ àti abà rẹ̀, kò yẹsẹ̀. Nílé ẹjọ́, ohun tí Melodia àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń rò lẹ́jọ́ ni pé tìfẹ́tìfẹ́ ni Franca bá a lọ. Ohun tí fíìmù Massimo ń sọ náà nìyẹn, ọdún 54 lẹ́yìn náà. Àwọn adájọ́ ní 1966 kò gbà á gbọ́: wọ́n rán Melodia lọ sẹ́wọ̀n ọdún 11. Ní 1981 ni Ítálì tó fagi lé ẹsẹ 544.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sílé. Ní ọdún 2016 nìkan, nǹkan bí 11,000 obìnrin Nàìjíríà ló gba orí òkun dé Ítálì, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti ìpínlẹ̀ Ẹdó. IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri, fojú bù ú pé bí 80 nínú 100 wọn ló ṣeé ṣe kó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ta èèyàn fún iṣẹ́ aṣẹ́wó. Etíkun Sísílì tí Laura ti ń yá oòrùn ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2020, Netflix kan náà gbé Òlòtūré jáde, fíìmù tí Kenneth Gyang darí fún EbonyLife, nípa akọ̀ròyìn kan nílùú Èkó tó dọ́gbọ́n wọ àárín àwọn tó ń ta èèyàn. Wọn ò fi súùtù bo ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa wo ìyẹn tán tó máa ní kí wọ́n wá jí òun gbé.

Ẹni tó bá ń wá ìtàn ìfẹ́ láti Sísílì, ó wà níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1968, Giuseppe Ruisi, ọmọ Alcamo tó ti mọ Franca láti kékeré, fẹ́ ẹ, bó tilẹ̀ mọ̀ pé máfíà lè torí ẹ̀ pa òun. Franca sọ pé òun fẹ́ ẹ, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó. Ìyẹn ni kí àwọn tó ń ṣe fíìmù lọ gbé kámẹ́rà sí.