Kí ẹ̀rọ gbẹ́gi, kí ọmọ ilé ya àwòrán

Ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí ń gbẹ́ àwòrán sára ilẹ̀kùn báyìí. Ó rọrùn fún oníṣẹ́ igi láti ra àwòrán tí ará òkè òkun ti yà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo oníṣẹ́ bá ń gbẹ́ àwòrán kan náà, ẹni tó dín owó jù ni oníbàárà yóò bá lọ.

Yíya àwòrán náà kò kọjá agbára ẹni tó mọ igi. Ìpele-ìpele ni a ń tò ó lórí kọ̀ǹpútà. Ilẹ̀ àwòrán wà nísàlẹ̀, ara ère gorí rẹ̀, ojú àti ọwọ́ sì yọ sókè jù. Bí pákó bá nípọn tó mílímítà 40, tí ibi tó jìn jù sì jẹ́ 25, 15 ló kù. Ẹni tó bá gbàgbé ìṣirò yìí lè gbẹ́ pákó já.

Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì kò ní kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, lára ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tó gbẹ́, èyí tó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ère yọ jáde gan-an. Ẹ̀rọ tí irin rẹ̀ ń ti òkè wá nìkan kò lè dé abẹ́ apá ère. Ọ̀bẹ àti ọwọ́ ni yóò parí rẹ̀.

Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ Kétu tó fẹ́ lo ẹ̀rọ kọ́kọ́ jókòó ti àwọn tí ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Kí ó wo ibi tó ga àti ibi tó jìn. Lẹ́yìn náà ni kí ó to ìpele tirẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.