Róòsì Tí Kò Gba Làálàá

Ẹ̀yin ará Òkè-Bùkún àti gbogbo ilẹ̀ Bùnú, ẹ̀yin ọmọ aláṣọ ipò, aṣọ pupa tí àwọn ìyá yín fi ọwọ́ ara wọn hun tí a sì fi ń yẹ́ àgbà sí nígbà ìsìnkú, mo kí yín, òkun o. Ẹni tí irú pupa bẹ́ẹ̀ ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò yẹ kí a máa bẹ̀ kí ó tó fẹ́ òdòdó. Síbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ wa bá ti kọ́lé tán nísinsìnyí, sìmẹ́ńtì ni a ń dà kún àgbàlá láti ẹnu ọ̀nà dé etí títì, tí omi òjò tí kò rí ibi wọlẹ̀ yóò fi kọrí sí ìpìlẹ̀ ilé aládùúgbò. Tí a bá sì dá òdòdó lábàá, a óò ní róòsì nǹkan òyìnbó ni, iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù, kò sì lè fara da ọyẹ́.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú àwáwí yìí. Ọ̀tá róòsì ni àrùn kan tí ń fi àmì dúdú sí ewé, tí ewé yóò pọ́n, tí yóò sì rẹ̀ dànù. Ewé tí omi kò tètè gbẹ kúrò lára rẹ̀ ni ó sì ń bá jà, èyí tí í ṣe ìṣòro ńlá ní àkókò òjò. Nítorí àrùn yìí ni àwọn ará àtijọ́ ṣe ń fi oògùn fífọ́n jìyà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà: William Radler, ará Wisconsin ní Amẹ́ríkà, fi sùúrù da onírúurú róòsì pọ̀ títí ó fi mú èyí tí a ń pè ní Knock Out jáde, tí ó dé ọjà ní ọdún 2000. Àrùn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án, òdòdó rẹ̀ tí ó bá rọ a sì máa jábọ́ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnìkan já a. Òórùn dídùn rẹ̀ kò tó ti àwọn àtijọ́, n kò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n èwo ni ó sàn, òórùn ọ̀sẹ̀ kan tàbí ewé tútù yíká ọdún?

Bí ẹ kò bá rí irú èyí, nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta òdòdó, ẹ má wo títóbi òdòdó rárá. Ewé ni kí ẹ wò. Igi tí ewé rẹ̀ jọ̀lọ̀ láìní àmì láàrin òjò ni yóò ba yín gbé.

Ẹ gbìn ín ní oṣù Kárùn-ún tàbí Ìkẹfà, nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, kí gbòǹgbò rẹ̀ tó rìn jìnnà kí ọyẹ́ tó dé, ní ibi tí òòrùn ti ń là fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán. Ìgbẹ́ adìyẹ tuntun a máa jó gbòǹgbò; èyí tí ó ti jẹrà pátápátá ni kí ẹ pò mọ́ iyẹ̀pẹ̀. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi púpọ̀ sí ìdí igi lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní òwúrọ̀ dára ju wíwọ́n omi sí ewé ní ojoojúmọ́ lọ. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má kan igi, nítorí ikán ilẹ̀ wa kò mọ ti róòsì yàtọ̀ sí ti òrùlé. Ní ìparí ọyẹ́, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gé ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò. Bí nǹkan bá rú yín lójú, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Kábà kò jìnnà sí wa.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ da sìmẹ́ńtì sí àgbàlá lọ́dún yìí, kí ó fi igun kan sílẹ̀ fún ilẹ̀ àti róòsì.