Bí Oògùn Bá Di Bárakú fún Ọmọ, Gbogbo Ilé Ni Kí Ó Gba Ìtọ́jú

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò dùn ún sọ, nítorí inú ilé tèmi gan-an ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò sùn mọ́ báyìí.

Àbúrò mi ọkùnrin, awakọ̀ ni. Kí ó baà lè máa wa ọkọ̀ láti ìdájí títí di òru, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo Tramadol. Oògùn ìrora ni oògùn yìí, tí dókítà máa ń fún ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ṣùgbọ́n ní ibùdókọ̀ wọ́n ti sọ ọ́ di oògùn agbára. Ẹyọ kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Kò pẹ́ rárá tí ó fi di pé bí kò bá tíì lò ó, yóò máa làágùn, yóò máa gbọ̀n, inú yóò sì máa run ún. Nígbà kan ó ṣubú lulẹ̀, ó ń jà bí ẹni tí wárápá gbé, nítorí àpọ̀jù oògùn náà lè fa irú èyí.

Kí ni àwa ará ilé ṣe? Ìyá wa ń fún un lówó ní ìkọ̀kọ̀, ó sì ń san gbèsè rẹ̀ kí ayé má baà gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń purọ́ fún ẹni tí ó ni ọkọ̀ pé ibà ni ó ń ṣe é. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n, èébú ni tèmi. Kò sí ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ nínú wa, síbẹ̀ àìsàn náà ni a ń ràn lọ́wọ́.

Nígbà tí ó burú tán, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan. A san owó, a kó aṣọ rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, a sì yísẹ̀ padà bí ẹni tí ó gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹnikẹ́ni kò bi wá léèrè ọ̀rọ̀ ilé, àwa náà kò sì sọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó padà dé, ara rẹ̀ ti ń dán, a se ìrẹsì, a pe ẹbí. Ṣùgbọ́n yàrá kan náà ni ó padà sí, àwọn ọ̀rẹ́ kan náà ń fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, èmi náà sì ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ olè. Kò pé oṣù méjì tí ó tún bẹ̀rẹ̀. Iye tí ó ti ń lò tẹ́lẹ̀ ni ó kó sẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ kò lè gba irú iye bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá wa ni ó bá a nílẹ̀, ètè rẹ̀ ti ṣú, èémí rẹ̀ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọpẹ́lọpẹ́ aládùúgbò kan tí ó ní ọkọ̀, àbí òkú ni à bá máa sọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ẹni tí ó bá gbé aláìsàn bárakú lọ fún ìtọ́jú, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì dúró gba ìtọ́jú, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe.

Èyí kì í ṣe ọgbọ́n òkèèrè. Ní 1954, ní Àrò lẹ́bàá Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí gbogbo ayé wá kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Inú àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká ni àwọn alárùn ọpọlọ ń gbé, tí wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú lójú ọ̀sán. Dandan sì ni kí ẹbí kan, ó kéré tán, bá aláìsàn wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó sì máa wo bí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí aláìsàn bá máa padà sílé, ẹni tí ó mọ ìtọ́jú rẹ̀ ni yóò bá a padà. Bí ọgbọ́n yìí bá dára fún àìsàn ọpọlọ, ó dára fún bárakú náà.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ilé kan. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bá orílẹ̀-èdè wa ṣe fi hàn pé bí ènìyàn mílíọ̀nù 14.3, láàrin ẹni ọdún 15 sí 64, ni ó lo oògùn olóró ní 2017. Ní oṣù Karùn-ún 2018 ìjọba fi òfin de oògùn ikọ́ tí ó ní kódíìnì nínú. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kò lè bá ọmọ ẹni wọ yàrá.

Àwọn kan yóò wí pé ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Òótọ́ ni pé òun ni ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó o sẹ́nu, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ti di bárakú, oògùn náà ti yí iṣẹ́ ọpọlọ padà. Ìwà burúkú nìkan kọ́ mọ́, àìsàn ni. Ẹgba àti ṣẹkẹṣẹkẹ kò wo ó sàn rí.

Nítorí náà, ẹ gba ìmọ̀ràn mi. Èkíní, ẹ tètè kó o lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹni tí ó ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, ẹ má ṣe tì í mọ́lé pé kí ó jáwọ́ lójijì, nítorí ó lè dákú, ó sì lè kú.

Èkejì, ẹ bi dókítà léèrè ọjọ́ tí ẹbí lè wá jókòó. Bí ó bá di ọjọ́ náà, ẹ sọ òtítọ́, títí kan ẹ̀bi tiyín.

Ẹ̀kẹta, ẹ má fi owó lé e lọ́wọ́, ẹ má sì purọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ fún un lóúnjẹ, ẹ bá a rìn lọ síbi ìtọ́jú, kí ẹ sì yìn ín lọ́jọ́ tí ó bá ṣe dáadáa. Bí ó bá ń lu ìyàwó tàbí ọmọ, kí wọ́n kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀, nítorí ìrànlọ́wọ́ kì í ṣe kí a fi ẹ̀mí ẹlòmíràn dí i.

Ẹ̀kẹrin, bí ó bá ṣubú padà, ẹ má sọ pé ó parí. Bí ó bá ń sùn tí kò ṣeé jí, tí èémí rẹ̀ sì ń falẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ ohun tí ó lò láìfi nǹkan kan pamọ́. Oògùn kan wà tí ń jẹ́ naloxone tí ó lè mú èémí padà bọ̀ sípò bí ẹ kò bá pẹ́.

Nígbà kejì, gbogbo wa ni a bá àbúrò mi lọ. Níbẹ̀ ni ìyá wa ti jẹ́wọ́ owó ìkọ̀kọ̀, tí èmi náà sì bẹ̀ ẹ́ fún èébú mi. Ẹ̀ẹ̀kan ni ó tún ṣubú lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì wá sọ fún wa. Ọdún kẹta rèé, ó ti kúrò nídìí ọkọ̀, ó ń ta àwọn ohun èlò ọkọ̀. N kò wí pé ewu ti tán. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó lè sọ fún wa báyìí nígbà tí ó bá ń wù ú.

Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra.