Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà

Ẹni tí nǹkan ò lọ déédéé fún la sábà máa ń pa òwe yìí fún, kó má baà sọ̀rètí nù. Bí ìwé ò bá ṣeé ṣe, kó kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Bí òwò kan bá dẹnu kọlẹ̀, kó gbé òmíràn. Èmi fẹ́ yí i sọ́dọ̀ ẹni tó ń la ọ̀nà. Àwọn tó tẹ ọjà dó láyé àtijọ́ mọ̀ pé bí ojú ọ̀nà kan bá dí, ọjà ò gbọdọ̀ tú. Ó pẹ́ tí Èkó ti pa ọgbọ́n yìí tì.

Ní 1990 ni wọ́n parí afárá Third Mainland. Lónìí, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ò yọ ọ́ sílẹ̀. Bí títì ṣe ń fẹ̀ ni mọ́tò ń pọ̀, nítorí títì tó já gaara máa ń mú kí èèyàn kọ́lé jìnnà síbi iṣẹ́, kó sì wá owó ra ọkọ̀. Títì pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà ẹyọ kan ni gbogbo wọn, ọ̀nà onímọ́tò.

Gómìnà Èkó tẹ́lẹ̀, Lateef Jákáńdè, ti rí èyí ṣáájú. Ó bẹ̀rẹ̀ ètò rélùwéè inú ìlú ní 1983. Ìjọba ológun fagi lé e ní 1985. Ó di oṣù kẹsàn-án 2023 kí rélùwéè aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Marina àti Mile 2, kìlómítà 13 péré. Ọdún méjìdínlógójì lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé e! Ó ṣì ń dùn mí. Lóòótọ́, ní 2008 ni bọ́ọ̀sì BRT ti dé, láti Mile 12 sí CMS. Ohun tó mú kó yá ni pé wọ́n fún un ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ lára títì tó ti wà nílẹ̀. Bọ́ọ̀sì kan tó kó ọgọ́ta èèyàn kì í gba ààyè tó ti mọ́tò mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fò wọ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ la fi ń dé ibùdókọ̀, ẹsẹ̀ náà la ó sì fi délé. Níbo wá ni ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà ní Èkó? Gọ́tà tí kò lọ́mọrí ń bẹ lápá kan, danfó tó fẹ́ já èrò sílẹ̀ ń bẹ lápá kejì, ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sì gba ìwọ̀nba tó kù. Bí ẹlẹ́sẹ̀ bá fẹ́ sọdá, wọ́n ní kó gun afárá. Mo gbà bẹ́ẹ̀ lójú márosẹ̀. Láàárín ìlú, n kò gbà. Ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn ló ń gun àtẹ̀gùn, kí ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ má baà tẹ bíréèkì.

Rélùwéè aláwọ̀ pupa ti ń ná Agbádó sí Òyìngbò báyìí, ó ń gba Agége, Ìkẹjà àti Yábàá kọjá. Kí ìjọba tó la títì mìíràn, kó kọ́kọ́ tún àdúgbò tó yí àwọn ibùdó yìí ká ṣe. Kó bo gọ́tà, kó tan iná, kó fún àwọn tó ń pàtẹ ní ààyè tiwọn láìlé wọn dànù, kó sì kun ojú ọ̀nà tí ọlọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ ti dúró fún ẹlẹ́sẹ̀. Ọmọ iléèwé àti alágbàrù ni yóò kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀.