Ẹni Tí Ejò Bá Ti Bù Jẹ Rí

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Àwọn mìíràn a fi aláǹgbá rọ́pò ekòló. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ̀rín la máa ń fi òwe yìí rín ènìyàn. Ẹni tí alájọ ti kó owó rẹ̀ sá lọ rí, tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ àjọ mọ́. Ẹni tí ọkọ̀ ti gbé ṣubú rí lóru, tó ní òun ò ní wọ ọkọ̀ alẹ́ láéláé: a ó ní ekòló ló ń lé wọn. Ó ń dùn mí bí a ṣe ń lò ó bẹ́ẹ̀, nítorí mo mọ ekòló tèmi.

Ìwó ni wọ́n ti tọ́ mi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá kan, ìyá mi ti ọjà Odò-Orí dé pẹ̀lú ata rodo, ó ní kí n yọ igi ẹ̀yìn wọn, kí n là wọ́n, kí n kó kóró inú wọn dànù. Mo ṣe é tán, mo fi ọṣẹ fọwọ́, ọwọ́ kàn ń ta mí díẹ̀díẹ̀ ni. Nígbà tó di alẹ́, wọ́n bu omi lílọ́wọ́rọ́ sínú garawa fún mi láti wẹ̀. Bí mo ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo figbe ta. Ìyá mi sáré dé, ó ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ omi náà títí dé ọrùn ọwọ́, ó wojú mi. "Omi yìí náà ló jó ọ? O ò fẹ́ wẹ̀ ni."

N kò parọ́. Lára iṣan tí ń jíṣẹ́ ìrora fún ọpọlọ ni ilẹ̀kùn tíntìntín kan wà. Ooru tó bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 43 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ń ṣí i. Oje ata náà a sì máa ṣí i. David Julius àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Kalifóníà ló tú àṣírí rẹ̀ lọ́dún 1997, ó sì wà lára ohun tí Julius gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 2021. Nígbà tí a bá ní ata jó wa lọ́wọ́, a kò ṣàsọdùn. Ẹnu ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé náà ló gbà. Bí ata bá sì ti wọlé tán, ilẹ̀kùn náà kò ní dúró de ìwọ̀n 43 mọ́. Omi lílọ́wọ́rọ́ á tì í ṣí. Ejò ti bù ú jẹ.

Ohun tó rán mi létí alẹ́ yẹn ni nǹkan kékeré kan tí iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá, tí wọ́n ń pè ní memristor. Leon Chua, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ iná mànàmáná ní Amẹ́ríkà, ló fi ìṣirò sọ ní 1971 pé ó yẹ kí irú rẹ̀ wà; ó di 2008 kí àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ HP tó kéde pé àwọn ti rí i ṣe. Iná tó ti gba inú rẹ̀ kọjá lánàá ló ń sọ bí yóò ṣe gba ti òní. Ẹ rántí ọ̀nà oko tó lọ sí etí odò Ọbà: bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó ni yóò ṣe là tó, bí ẹsẹ̀ bá sì dá níbẹ̀, koríko lè bò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni oríta tí iṣan kan ti ń fi ọ̀rọ̀ lé òmíràn lọ́wọ́ nínú ọpọlọ wa ṣe rí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi memristor sín in jẹ.

Ní 2018, Jung Ho Yoon, J. Joshua Yang àti ẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Massachusetts ní Amherst fi memristor ṣe ohun tí ń hùwà bí iṣan ìrora. Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn wò. Irin méjì dojú kọ ara wọn, ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín wọn, fàdákà sì fọ́n ká sínú rẹ̀. Iná kékeré dé, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Iná tó tó iná dé, fàdákà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá, ọ̀kan á so mọ́ èkejì títí wọn yóò fi di afárá. Iná á kọjá, ìyẹn ni igbe rẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná kúrò, afárá á tú díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná àkọ́kọ́ bá ti pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, afárá náà kì í tètè tú tán. Nígbà náà, iná kékeré tí kò kà sí tẹ́lẹ̀ á mú un ké. Èyí tó ti ń mú un ké á mú un ké ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Kò sí ẹni tó ń jẹ̀rora nínú rẹ̀ o, fàdákà ló ń rìn. Wọ́n ń ṣe é nítorí pé ọwọ́ róbọ́ọ̀tì tí kò mọ ohun tó ń pa á lára lè wà nínú iná títí yóò fi yọ́. Àwa náà mọ irú rẹ̀: àtọ̀gbẹ a máa pa iṣan ẹsẹ̀, ẹni tó ní i a tẹ ìṣó mọ́lẹ̀, a sì rìn délé kí wọ́n tó fi ẹ̀jẹ̀ hàn án.

Òwe wa kò sọ pé ẹni tó sá gọ̀. Ojú rẹ̀ lè mọ ekòló dájú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló rántí ejò. Òwe náà kò sì sọ bí yóò ṣe máa sá pẹ́ tó. Bí ìjàǹbá àkọ́kọ́ bá ṣe wúwo tó ni, àti bóyá òmíràn tún kàn án kí fàdákà tó fọ́n ká. Ẹni tó ń ju ekòló lu ẹni ejò bù jẹ, tó ní òun fẹ́ lé ìbẹ̀rù jáde lára rẹ̀, afárá ló ń bá a tún tò.

Ìyá mi kò bá mi jiyàn pẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó fi epo pupa pa mí lọ́wọ́, ó ní kí n lọ sùn láìwẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ bu omi lílọ́wọ́rọ́ wá, ó ní kí n fi ìka kan tọ́ ọ wò ná. Mo fi ìka kan tọ́ ọ. Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́.