ILẸ̀ TÍ WỌ́N NÍ KÒ NÍ ONÍLẸ̀

Ẹ̀yin ọba, ẹ̀yin ìjòyè, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú gbogbo, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ nínú ìwé ìtàn tí àwa olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọ, èyí tí a kò lè gbé mì mọ́. Ìwé náà wí pé ilẹ̀ òfìfo ni àwọn ará Amẹ́ríkà bá nígbà tí wọ́n kọrí sí ìwọ̀-oòrùn. Irọ́ ni. Ilẹ̀ náà ní onílẹ̀. Àwọn tí ó fẹ́ ẹ ni ó sọ ọ́ di òfìfo.

A kò bá àwọn atẹ̀dó jà. Tálákà ni púpọ̀ nínú wọn. Òfin ọdún 1862 ṣe ìlérí 160 éékà fún ẹni tí ó bá san owó ìwé, tí ó gbé orí ilẹ̀ náà fún ọdún 5, tí ó sì ro ó. Àwọn ènìyàn dúdú tí ó ti oko ẹrú bọ́ pàápàá lọ. Àwọn ni ó tẹ Nicodemus dó ní Kansas ní ọdún 1877. Ta ni yóò bá ẹni tí ń wá oko wí? Ìjọba ni a ń bi léèrè: lọ́wọ́ ta ni ó ti gba ohun tí ó ń pín?

Ẹ jẹ́ kí a mú àwọn Cherokee ṣe àpẹẹrẹ. Àgbẹ̀ tí ó fìdí múlẹ̀ ni wọ́n ní Georgia àti agbègbè rẹ̀. Ní ọdún 1821, ọmọ wọn kan, Sequoyah, ẹni tí kò mọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì kà, parí àmì ìkọ̀wé fún èdè wọn. Ní 1827 wọ́n kọ òfin ìlú wọn sínú ìwé. Ní 1828 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé ìròyìn. Síbẹ̀, òfin ọdún 1830, tí Ààrẹ Andrew Jackson fọwọ́ sí, ní kí a fi ilẹ̀ òdì-kejì odò Mississippi ṣe pàṣípààrọ̀ ilẹ̀ irú wọn. Georgia ju míṣọ́nnárì kan, Samuel Worcester, sẹ́wọ̀n nítorí pé ó kọ̀ láti gba ìwé àṣẹ kí ó tó lè bá wọn gbé. Ní 1832 Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé òfin Georgia kò ní agbára lórí ilẹ̀ Cherokee. Wọ́n jàre, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹni tí yóò mú ìdájọ́ náà ṣẹ.

Ẹ̀yin ìjòyè, ibí yìí ni kí ẹ fi ojú sí. Ní 1835 àwọn díẹ̀ tí ìlú kò rán níṣẹ́ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ta gbogbo ilẹ̀ náà. Olórí wọn, John Ross, kọ̀ ọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ ọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn aṣòfin fi òǹtẹ̀ lù ú. Ní 1838 àwọn ọmọ-ogun kó wọn kúrò nílé. Nínú nǹkan bí 16,000 ènìyàn, a fojú dá a pé 4,000 ni ó kú, ní àgọ́ àti lójú ọ̀nà. Agbègbè tí a kó wọn àti àwọn ẹ̀yà mìíràn lọ, èyí tí ó di Oklahoma, ni a tún ṣí apá kan rẹ̀ sílẹ̀ fún atẹ̀dó ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin, 1889. Ìbọn dún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì sáré lọ gba ilẹ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Àwọn kan yóò wí pé àìmọ̀wé ni ó pa wọ́n lára, pé ọ̀làjú ni ó borí. Ọ̀làjú wo? Wọ́n mọ ìwé, wọ́n ro oko, wọ́n dé ilé-ẹjọ́, wọ́n sì jàre. Ojúkòkòrò ni ó borí.

Nítorí náà a bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ń yan ìwé fún ilé-ẹ̀kọ́: ẹ má jẹ́ kí ọmọ ka ti atẹ̀dó kí ó má ka ti onílẹ̀. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ọmọ wa bá kọ́ láti pe ilẹ̀ ẹlòmíràn ní òfìfo, ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ ní ọjọ́ tí a bá pe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀?