Ìrora Ìdí Dé Ẹsẹ̀: Abẹ́rẹ́ Ṣáínà Yàtọ̀ sí Lúúlú Inú Ọ̀rá



Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń jókòó sórí àga kírun nítorí ìrora tó ti ìdí sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ bí ẹni pé iná ń jó wọn. Àwọn kan á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, àwọn kan á ní làkúrègbé. Nígbà púpọ̀, sàyátíkà ni: ohun rírọ̀ tó wà láàárín egungun ẹ̀yìn ló yọ, tó ń tẹ iṣan ńlá tó gba ìdí lọ sí ẹsẹ̀.

Wọ́n ń bi wá ní kẹ́míìsì àti ní mọ́ṣáláṣí bóyá ìtọ́jú àwọn ará Ṣáínà dára fún un. Ọ̀nà méjì la ó sọ̀rọ̀ lé lórí nínú ìtọ́jú náà, kí a má fi ojú kan wò wọ́n.

Àkọ́kọ́ ni acupuncture, abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú. Ní 2024, ìwé ìṣègùn JAMA Internal Medicine gbé ìwádìí kan jáde láti ilé ìwòsàn 6 ní Ṣáínà, lórí aláìsàn 216. Wọ́n gún àwọn kan ní abẹ́rẹ́ gidi, wọ́n gún àwọn yòókù ní ti ẹ̀tàn, ìgbà 10 láàárín ọ̀sẹ̀ 4. Ìrora ẹsẹ̀ àwọn tó gba ti gidi dín kù jù. Lójú tiwa, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, bí ẹni tó ń gún un bá kọ́ṣẹ́, tí abẹ́rẹ́ bá jẹ́ tuntun, tí wọ́n sì jù ú nù lẹ́yìn lílò ẹ̀ẹ̀kan.

Èkejì ni egbòogi. Lára ewé Ṣáínà ni Tu Youyou ti rí artemisinin, oògùn ibà tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 2015. Ṣùgbọ́n wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì dán an wò kó tó di oògùn. Lúúlú inú ọ̀rá tí kò ní orúkọ ewé, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti bá dexamethasone nínú irú egbòogi ìrora bẹ́ẹ̀ rí. Ìrora á tètè rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á máa ga. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ọtí líle ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án.

Bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, tí ìtọ̀ kò wá tàbí tí kò ṣeé mú dúró, tí abẹ́ sì kú tipiri, ẹ má wá abẹ́rẹ́, ẹ má wá àgbo. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ni ìwòsàn ti ń wá. Bíbéèrè ohun tó wà nínú oògùn kí a tó gbé e mì, ọwọ́ àwa fúnra wa ló wà.